Iyọ̀ kì í di aró mú: kí ni kí n ṣe sí àdìrẹ tó ń yọ aró?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aláró àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wọ àdìrẹ. Èrò mi kan wà tí ará ilé mi l'Abẹ́òkúta kò fẹ́ gbọ́: iyọ̀ tí a máa ń bù sómi láti fọ àdìrẹ tuntun, òfò ni. Aró elú kì í yọ́ sómi mọ́ tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ ẹ. Èyí tó ń yọ ni èérún tó jókòó sójú aṣọ láìwọnú òwú; fífọ̀ ló ń mú un kúrò.

Ọ̀pá 5 ni àdìrẹ tí mò ń sọ yìí, láti Ìtòkú, ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta. Mo ti ṣan án lómi tútù lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìfi ọṣẹ sí i, mo sì sá a sábẹ́ òjìji. Omi rẹ̀ ti mọ́, àmọ́ tí mo bá fi aṣọ funfun tútù nù ún, ó ṣì ń kó aró. Fínígà náà kò ràn án. (Ẹ má sọ pé kí n fi iyọ̀ kún un.)

Ṣé omi gbígbóná àti ọṣẹ díẹ̀ lè mú èérún náà kúrò láìjẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, báwo ló sì ṣe yẹ kó gbóná tó?