Àpilẹ̀kọ mi wà lórí Wikipedia, Google ò gbé e jáde

Àdùkẹ́Òfì:
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ àpilẹ̀kọ nípa àwọn tó ń hun òfì n'Ísẹ́yìn sórí Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì, mo fi fọ́tò òfì tí màmá mi hun sí i, àmọ́ tí mo bá wá a lórí Google kò sí níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ tí mo bá ṣí Wikipedia fúnra ẹ̀ mò ń rí i. Ṣé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ ni? Ó ń dùn mí gan-an.

Ẹ̀gbọ́nAyẹ̀wé:
Àdùkẹ́, fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó yọ ọ́. Lórí ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kì í jẹ́ kí Google gbé àpilẹ̀kọ tuntun àfi tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń yẹ ojú ìwé tuntun wò bá kà á tó sì fọwọ́ sí i. Lọ wo source ojú ìwé yẹn (kóòdù tó wà lẹ́yìn ẹ̀) lórí kọ̀ǹpútà, wàá rí "noindex" níbẹ̀, òun ló ń sọ fún Google pé kó má mú un. Torí àwọn tó ń fi Wikipedia polówó ọjà àti ara wọn ni wọ́n ṣe ṣe é. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ò pọ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe é, iṣẹ́ sì ti ga jọ sí wọn lọ́rùn. Ọjọ́ 90 táwọn èèyàn máa ń sọ pé tó bá ti pé, Google á gbé e bí wọn ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, má gbójú lé e.

Ọmọ_Òkè_Ògùn:
Mo ti kà á, ó dùn, ṣùgbọ́n orísun ẹ̀ ò lágbára. Ọ̀kan nínú méjì tó o tọ́ka sí, ìpolówó ẹni tó ń ta aṣọ ni. Ohun tí màmá sọ fún ẹ nípa bí wọ́n ṣe ń ta òwú kí wọ́n tó hun ún, òótọ́ ni, èmi náà bá a nílé wa, àmọ́ wọn ò ní gbà á tí kò bá sí nínú ìwé tí ẹlòmíì tẹ̀ jáde, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú torí ẹnu àgbà ni ìmọ̀ wa pọ̀ sí jù. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ṣèwádìí lórí aṣọ òkè Ìsẹ́yìn, wá wọn rí, fi tiwọn sí i. Má tíì ronú Good Article, àmì tí wọ́n ń fún àpilẹ̀kọ tó dáa lórí Wikipedia, o, ìyẹn ò kan ọ̀rọ̀ Google.

Ìyá_Ìbejì_Wiki:
Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sí ti Yorùbá náà. Níbẹ̀ kò sí pé à ń dúró de ayẹ̀wò kó tó jáde, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kẹ́ ẹ má da ìtumọ̀ ẹ̀rọ síbẹ̀ bó ṣe wà, torí ohun tá a bá kọ ṣákálá lónìí ni ọmọ iléèwé máa kà lọ́la. Kẹ́ ẹ sì ṣe redirect, ìyẹn ojú ìwé tó ń darí èèyàn lọ síbi àpilẹ̀kọ gan-an, láti orúkọ tí ò lámì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì lórí fóònù.

Àdùkẹ́Òfì:
Ẹ ṣé gan-an. Mo rí noindex ọ̀hún lóòótọ́. Mo ti yọ ti ọlọ́jà yẹn, màá wọ láíbìrì lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àmì ohùn ti Yorùbá tí mo bá kọ ọ́ tán.