Àbúrò mi fọ́ egungun kókósẹ̀, dókítà ní ká ṣì dúró kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Mofẹ́ (Kubwa):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi. Àbúrò mi ọkùnrin já bọ́ lórí àkàbà níbi tó ti ń kun ilé ní Gwarinpa ní Sátidé, ẹsẹ̀ ló fi balẹ̀, ìsàlẹ̀ egungun ojúgun rẹ̀ níbi tó ti wọ kókósẹ̀ wá fọ́ sí mẹ́rin, pilon ni dókítà pè é. Wọ́n ti gbé irin kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ níta, wọ́n ní ó máa tó bí ọ̀sẹ̀ 2 kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an, pé ojú kéékèèké ni wọ́n máa là, wọn ò ní la ẹsẹ̀ gbọọrọ. Màmá wa ní owó bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń jẹ, ká gbé e lọ bá bàbá kan tó ń to egungun lọ́nà Suleja. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa ẹ̀?

Nọ́ọ̀sìKánò:
Ẹ kú àfaradà o Ìyá Mofẹ́. Tíátà egungun ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Dídúró yẹn wà nínú ìtọ́jú o. Ẹ fọwọ́ kan kókósẹ̀ yín wò, kò sí ẹran níbẹ̀, awọ ló kàn bo egungun. Tí egungun ibẹ̀ bá fọ́, awọ á wú, á máa dán, á tún lé roro, tí wọ́n bá wá fi abẹ kàn án báyẹn, ojú ọgbẹ́ lè má pa dé mọ́, á máa kẹ̀ títí á fi dé ara irin inú. Wọ́n ń retí kí wíwú yẹn fà kí awọ máa hunjọ ni, ọjọ́ 7 sí 14, ti ẹlòmíì máa ń tó ọ̀sẹ̀ 3. Irin ìta yẹn ló ń na egungun kó má baà kúrú. Tó bá yá wọ́n á la ojú kékeré 2 tàbí 3, wọ́n á ti irin pẹlẹbẹ gba abẹ́ awọ kọjá, wọ́n á fi síkúrù dè é, ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ egungun ò ní fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́.

Àmọ́ ẹ bi wọ́n ṣé wọ́n ti ṣe CT scan, ìyẹn àwòrán tó ń fi bí egungun ṣe fọ́ hàn dáadáa, ṣé C-arm, ìyẹn ẹ̀rọ x-ray inú tíátà wọn, ń ṣiṣẹ́, torí tójú ọgbẹ́ bá kéré ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n fi ń rí egungun. Tí ojú oríkèé bá ti fọ́ wẹ́wẹ́ jù, wọ́n lè là á tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n lè tò ó dáadáa, ẹ má bá wọn jà. Tó bá ń mu sìgá kó jáwọ́ lónìí. Tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà kí wọ́n mọ̀.

Déọlá_Kàdúná:
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú, ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé mi lọ lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ti la tèmi gbọọrọ, ẹsẹ̀ ṣì wú bí ìrọ̀rí, àfi ìgbà tí mo rí irin látinú ọgbẹ́. Oṣù 5 ni mo fi tọ́jú ẹ̀. Ẹ sọ fún màmá pé mo kí wọn, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má gbé e lọ Suleja. Igi tí wọ́n máa ń dì pinpin yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á dúdú, gígé ló kù.

Ìyá Mofẹ́ (Kubwa):
Ẹ ṣé gan-an ni, mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, wọn ò dáhùn ṣùgbọ́n wọn ò pe bàbá yẹn mọ́. Roro ṣì wà lára ẹsẹ̀. Ìgbà wo ló máa lè tẹlẹ̀? Kí la ó ṣe sójú ibi tí irin ti wọlé?

Nọ́ọ̀sìKánò:
Ẹ má bẹ́ roro yẹn o. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó máa tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó tẹlẹ̀, x-ray ni dókítà máa fi pinnu. Ojú irin, ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní wọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe ń nù ún, ẹ fọwọ́ yín kẹ́ ẹ tó kàn án. Tó bá pọ́n, tó ń ṣomi tàbí tí ara ẹ̀ gbóná, ẹ sọ fún wọn. Àmọ́ tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó kú tipiri, tàbí tí ìrora bá ń le sí i tí oògùn ò ká a, ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, kódà kó jẹ́ aago 2 òru.