Ohun tí ojú wa rí nípa àfòpiná tó ń jẹ koríko lórí òkè ìlú olótùútù

Níwọ̀n bí àwọn kan ti ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé kòkòrò lè jẹ koríko odindi ẹ̀gbẹ́ òkè kan bà jẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí òtútù ti ń mú tó bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí èmi náà sọ ohun tí mo rí. Sheffield ni mò ń gbé, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ kan nínú ìjọ wa sì máa ń gun àwọn òkè Peak District lọ́jọ́ Sátidé tí ojú ọjọ́ bá dára. Nínú oṣù Kẹfà ọdún kan, a dé ibì kan lókè níbi tí ó yẹ kí koríko ti tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ńṣe ni koríko ibẹ̀ gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ti ṣá. Àwọn kannakánná àti àwọn ẹyẹ funfun etíkun bo ilẹ̀ lọ rẹrẹ, wọ́n ń ṣa nǹkan jẹ, wọn kò tilẹ̀ bìkítà pé ènìyàn ń bọ̀.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí mo fi ọwọ́ ya ìdí koríko ni mo rí wọn. Ìdin aláwọ̀ bàbà ni wọ́n, ara wọn ń dán, kò sí irun gbọ̀ọ̀rọ̀ lára wọn, wọ́n gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3, ilà mẹ́ta tó mọ́ ju ara yòókù lọ sì nà láti orí wọn dé ìdí. Mo ṣàkíyèsí pé ìsàlẹ̀ koríko, níbi tó ti rọ̀, ni wọ́n ń gé, tí èyí tó kù lókè á wá wó lulẹ̀, tí oòrùn á sì gbẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí òkè náà fi tètè yí àwọ̀ padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n gé ni wọ́n jẹ. Igi kéékèèké olódòdó tí wọ́n ń pè ní heather wà láàárín wọn níbẹ̀, ewé rẹ̀ pé, kò sí èyí tó fọwọ́ kàn án. Koríko ni wọ́n ń bá lọ, òun náà ni wọ́n sì ń jẹ.

Cerapteryx graminis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe àfòpiná tí ìdin yìí máa ń dà, Linnaeus ọmọ ilẹ̀ Sweden ni ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ọdún 1758. Ó wà káàkiri àríwá Yúróòpù títí dé Iceland, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Siberia. Kì í ṣe àlejò lórí àwọn òkè tí mò ń sọ yìí rárá, nítorí pé ní ọdún 1917, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣì ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pọ̀ ní Peak District débi pé àwọn onímọ̀ kòkòrò lọ yẹ ibẹ̀ wò, wọ́n sì kọ ìròyìn nípa rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ni pé ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Ní agbègbè Ṣakí tí bàbá mi ti ń gbin àgbàdo, àwọn armyworm, ìdin tó ń jẹ àgbàdo tí gbogbo wa mọ̀, èyí tó wọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 2016, tí a sì kọ́kọ́ rí ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, fojú àwọn ará ilé wa rí màbo. Ìdílé kan náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Noctuidae, ni tiwa àti tàwọn ará ìhín ti wá, síbẹ̀ ìwà wọn kò jọra. Tiwa kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìsinmi: nínú ooru, nǹkan bí oṣù kan tó láti inú ẹyin dé orí àfòpiná, ẹyin rẹ̀ á sì wà ní òkìtì lójú ewé àgbàdo, irun ara ìyá á bò ó. Bí òtútù gidi bá mú, ó parí fún un. Ti orí òkè yìí, ìran kan ṣoṣo ló máa ń bí lọ́dún. Abo rẹ̀ á máa fò lọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí koríko, á máa da ẹyin sílẹ̀ bí ẹni ń fọ́n èso sóko, ẹyin náà á sì wà ní ìdí koríko lábẹ́ yìnyín ní gbogbo ìgbà òtútù, títí tí ilẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í móoru kí ìdin tó jáde. Ní tèmi o, ẹni tó bá ń retí pé òtútù ni yóò bá wa pa á, ó máa retí títí, nítorí inú òtútù gan-an ló ti ń dúró de ìgbà tirẹ̀.

Mi ò sì lè pè é ní ọ̀tá darandaran pátápátá. Koríko líle kan wà tí wọ́n ń pè ní Nardus stricta, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó le, tó bá sì ti gbó, àgùntàn kì í fẹ́ fẹnu kàn án. Òun wà lára èyí tí ìdin yìí fẹ́ràn jù, nítorí náà nígbà tí ó bá gé e kúrò, àyè á ṣí sílẹ̀ fún ewéko mìíràn láti hù. Ṣùgbọ́n ó tún ń jẹ Festuca ovina, èyí tí àgùntàn ń jẹ dáadáa, ibẹ̀ ló ti ń dun olóko.

* * *

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun fún àlàyé yín. Ìdin ni ẹ̀yin rí. Èmi, àfòpiná rẹ̀ ni mo mọ̀. Òkè Scotland ni mo wà, ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú oṣù Kẹjọ sì ni wọ́n máa ń wá bá iná tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná náà. Mo fi ife bo ọ̀kan lórí ògiri kí n lè wò ó dáadáa. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ìyẹ́ rẹ̀, àmì kan tó funfun bíi wàrà sì wà ní àárín ìyẹ́ iwájú, ó yọ ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwo àgbọ̀nrín. Tí ó bá na ìyẹ́ méjèèjì, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, abo a sì máa tóbi ju akọ lọ. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe òru nìkan ló ń jáde: tí mo bá lọ da ìdọ̀tí nù láàárọ̀, mo máa ń bá wọn lórí òdòdó elégùn-ún tó wà lẹ́bàá ọgbà, oòrùn ti ràn dáadáa, wọ́n ṣì ń fa omi dídùn inú òdòdó náà mu. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n lè ba koríko iwájú ilé jẹ́? Ọ̀gá mi ń bẹ̀rù.

* * *

Àbúrò, ẹ sọ fún ọ̀gá yín kó fọkàn balẹ̀. Pápá orí òkè ni wọ́n ti máa ń pọ̀ jù, koríko tí wọ́n bá sì ń gé déédéé kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pọ̀ ní ọdún kan, àwọn ẹyẹ, agbọ́n kéékèèké tó ń yé ẹyin sínú ara ìdin, àti àìsàn tó máa ń jà láàárín wọn kì í jẹ́ kí ó pẹ́. Mo padà gba òkè tí mo sọ yẹn kọjá ní ọdún kejì. Koríko ti hù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì fẹ́lẹ́ láwọn ibì kan, mo ya ìdí rẹ̀ wò káàkiri, mi ò sì rí ju ìdin díẹ̀ lọ.