Ẹ̀yin tí olùyẹ̀wò páténtì ti dá ínfátà onípele púpọ̀ yín padà rí, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Adéwáyà
Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ínfátà onípele púpọ̀ (èyí tó ń sọ iná bátìrì, DC, di iná ilé, AC, ní àtẹ̀gùn fóltéèjì púpọ̀, kì í ṣe òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan) ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbí, àmọ́ a wà. Ẹni tó bá ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì páténtì lórí rẹ̀ rí, kí ni wọ́n fi dá yín lóhùn?

Kí n bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan ya sákíìtì onípele 5. Ẹ mọ̀ pé tí èèyàn bá fi dáyóòdù dè é bíi ti NPC (ínfátà tí dáyóòdù dè mọ́ àárín orísun iná), fésì kan ṣoṣo á gba dáyóòdù 12. A yọ èyí tó pọ̀ nínú wọn, a fi kàpásítọ̀ kan tó dá dúró láàárín rọ́pò wọn. A tan án, ó ṣiṣẹ́, inú wa dùn. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó ti òkè òkun dé, gbogbo claim (gbólóhùn tó ń sọ ohun tí a ní ó jẹ́ tiwa) ló fọ́. Olùyẹ̀wò mú ìwé Nabae, Takahashi àti Akagi ti 1981 fún dáyóòdù, ó mú ti Meynard àti Foch ti 1992 fún kàpásítọ̀, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á ti so méjèèjì pọ̀.

Màmá Bátìrì
Gbogbo claim? Kò ṣẹ́ ku ẹyọ kan?

Adéwáyà
Kò ṣẹ́ ku nǹkan kan, mà.

Fẹ̀yìntì Virginia
Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí òdìkejì tábìlì ni mo jókòó sí. Mo ṣe olùyẹ̀wò fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà ní Alexandria, ní ẹ̀ka 2838, níbi tí àwọn ẹ̀rọ tó ń yí iná padà máa ń bọ́ sí. Àbúrò, olùyẹ̀wò kì í torí àwòrán yín yá orí. Claim 1 ló ń kà, ó sì máa kà á ní ọ̀nà tó fẹ̀ jù lọ tí ọgbọ́n bá gbà. Tí ẹ bá kọ "àkójọ swíìṣì kan, àti ó kéré tán kàpásítọ̀ kan tí a so mọ́ wọn", ẹ̀yin rò pé sákíìtì tiyín lẹ ń sọ, àmọ́ ìdajì ínfátà ayé ti wọ inú gbólóhùn yẹn.

Ẹnìkan mú H-bridge (swíìṣì mẹ́rin lórí ẹsẹ̀ méjì, tó ń yí iná bátìrì síwá sẹ́yìn) wá nígbà kan, wọ́n tò ó léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀. (Ìwé náà ti jáde síta, mi ò sáà ní dárúkọ.) Àlàyé inú rẹ̀ gùn, ó sì dára: bí bátìrì kan bá kú, báwo ni ìyókù ṣe máa gbé ẹrù rẹ̀ láìjẹ́ kí iná wó. Mo gbádùn rẹ̀. Mo wá padà sí claim 1, kò sí bátìrì tó kú níbẹ̀ rárá, ìtòléra nìkan ni. Mi ò jìnnà kí n tó rí i. Páténtì Baker àti Bannister, 3,867,643, ti tò wọ́n léra láti 1975. Mo kọ 102 sí i, òfin tó ní ohun tí a ń bèèrè gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Agbẹjọ́rò wọn pè mí, a sọ̀rọ̀, mo ní kí wọ́n gbé bátìrì tó kú yẹn wọ inú claim 1. Wọ́n gbé e wọlé, mo tún wá gbogbo ibi tí mo mọ̀, mi ò rí irú rẹ̀, mo fọwọ́ sí i.

Kàpásítọ̀ Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ni 102, ẹ rí nǹkan náà gan-an nínú ìwé kan. 103, pé ó hàn gbangba sí ẹni tó mọ iṣẹ́, ni wọ́n fi ń pa wá. Ẹ̀yin á ti ka iṣẹ́ wa tán, ẹ̀yin á wá ní ó rọrùn. Bó bá rọrùn, kí ló dé tí ẹnì kankan ò so dáyóòdù mọ́ kàpásítọ̀ láti 1992?

Fẹ̀yìntì Virginia
Wọ́n ti so ó pọ̀. Ẹ lọ wo ANPC onípele 5 ti ilé iṣẹ́ ABB, irú NPC kan tó ní kàpásítọ̀ láàárín.

Kàpásítọ̀ Kékeré
Ìyẹn ò ní dáyóòdù tó ń dè é! Swíìṣì ló fi ń dè é, ìdí tí wọ́n fi ń fi A (active) síwájú orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Fẹ̀yìntì Virginia
Àwọn swíìṣì náà ńkọ́? IGBT (swíìṣì iná ńlá) wo lẹ rí tí kò pọn dáyóòdù sẹ́yìn?

Kàpásítọ̀ Kékeré
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣì jẹ́ olùyẹ̀wò 😂

Lọ́yà Abẹ́ Igi
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ẹjọ́ KSR, 2007, ló tún ọ̀rọ̀ 103 yìí yẹ̀ wò. Kí ó tó dé, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ páténtì ní Amẹ́ríkà máa ń béèrè gidigidi pé kí olùyẹ̀wò tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti dámọ̀ràn pé kí a so ìwé méjì pọ̀. Kóòtù tó ga jù lọ ní ìyẹn ti le jù. Pẹ́dà ọkọ̀ ni wọ́n sì ń jà lé lórí o, kì í ṣe iná. Àmọ́ olùyẹ̀wò ṣì gbọ́dọ̀ sọ ìdí. Adéwáyà, kí ló kọ gẹ́gẹ́ bí ìdí?

Adéwáyà
Pé ó máa dín iye ohun èlò kù.

Tinú Newport
Hẹ̀n. Èsì yẹn gan-an ló máa ń pa èèyàn ní ọ́fíìsì páténtì Yúróòpù ní Munich náà. Àwọn ará Yúróòpù á mú ìwé kan tó sún mọ́ tiyín jù, wọ́n á ní kí ló yàtọ̀, kí sì ni ìyàtọ̀ yẹn ń ṣe. Tí ohun tó ń ṣe bá jẹ́ pé ó dín dáyóòdù kù, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, torí ta ni kò fẹ́ dín dáyóòdù kù? (Newport ni mò ń gbé, mi ò bá ọ́fíìsì páténtì UK tó wà níbí ṣiṣẹ́ o, kí ẹnikẹ́ni má wá bẹ̀ mí.)

Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò kọ́ ló ṣe mí ní tèmi. Ìgbà tí mò ń ṣe PhD, a rí ọ̀nà kan láti mú kí fóltéèjì àwọn kàpásítọ̀ inú MMC (ínfátà ńlá tí a fi yàrá kéékèèké púpọ̀ tò léra ṣe) dọ́gba pẹ̀lú sẹ́ńsọ̀ díẹ̀. Ọ̀gá mi lọ ka ìwé náà níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní oṣù kẹfà. Oṣù kẹsàn-án ni ìwé páténtì tó wọlé. Amẹ́ríkà ò ní wàhálà, wọ́n máa ń fún olùdásílẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn tí ó bá ti sọ ọ́ síta. Yúróòpù ò mọ ìyẹn. Èsì dé, mo ṣí i, ìwé tí olùyẹ̀wò fi lé wa dànù, orúkọ tèmi ló ṣíwájú níbẹ̀.

Màmá Bátìrì
Ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Orúkọ ẹni!

Gbẹ́ńrọ́
Ṣé ẹ ò sọ fún prof kó tó lọ ni?

Tinú Newport
Mo sọ. Wọ́n ní kí ayé kọ́kọ́ mọ̀ wá ná. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré. Wọ́n wò mí. Ẹ̀yin náà mọ ìwò yẹn.

Gbẹ́ńrọ́
Mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà ìmúgbooro iṣẹ́ èèyàn wà nínú ìwò yẹn.

Àdùkẹ́ Fésì Mẹ́ta
Ti ọ́fíìsì wa póòsítà ni. Ọ̀gá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí àwọn àlejò ń bọ̀, sákíìtì àti ìgbì iná, gbogbo rẹ̀. Ẹnì kankan ò ya fọ́tò o. Ṣé ìyẹn náà ti jáde síta?

Lọ́yà Abẹ́ Igi
Tí ẹnikẹ́ni tí kò ṣèlérí àṣírí bá lè dúró kà á, ó ti jáde. Bóyá ẹnì kankan kà á kọ́ ni wọ́n máa bi yín.

Àdùkẹ́ Fésì Mẹ́ta
Àwọn àlejò náà, ilé iṣẹ́ tí a jọ ń du ọjà ni wọ́n ti wá.

Màmá Bátìrì
Àwọn ọ̀gá yìí!

Kàpásítọ̀ Kékeré
Kí wọ́n lọ kọ́ lọ́dọ̀ Marquardt. Ó fi ìwé páténtì MMC sílẹ̀ ní Jámánì ní oṣù kìíní 2001. Ìwé òun àti Lesnicar tí gbogbo yín ń tọ́ka sí, ti Bologna, 2003 ló jáde.

Gbẹ́ńrọ́
Ẹ dákun, MMC yìí ò yé mi gẹ́gẹ́ bí ìdásílẹ̀. Ṣebí ìdajì H-bridge ni wọ́n tò léra? Baker ti tò léra, ẹ̀gbọ́n Virginia ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán. Kí ló dé tí tirẹ̀ fi kọjá?

Tinú Newport
Torí ti Baker, H-bridge kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orísun iná tirẹ̀. Ti Marquardt, kàpásítọ̀ lásán ló wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sí ẹni tó ń bọ́ ọ láti ìta. Apá mẹ́fà ló ní, iná ń yí láàárín wọn, ìyẹn ló ń mú kàpásítọ̀ wà láàyè. Ẹ ò tiẹ̀ nílò kàpásítọ̀ ńlá kan lórí DC mọ́. Trans Bay Cable, okùn iná kan ní San Francisco, ni àkọ́kọ́ fún irú iṣẹ́ ńlá yẹn, 2010, Siemens ló ṣe é: 400 MW, ±200 kV, nǹkan bíi kìlómítà 85 lábẹ́ omi. Ẹ máa gbìyànjú bátìrì àdáni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ yẹn.

Màmá Bátìrì
Èmi á tà á.

Gbẹ́ńrọ́
Ó yé mi wàyí. Àmọ́ ó ṣì jọ pé kò jìnnà síra.

Fẹ̀yìntì Virginia
Kò ní láti jìnnà. Ó kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìwé tó wà nílẹ̀ ò sọ, tí kò sì ta yín létí.

Jẹnẹrétọ̀ Ò Sùn
Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín ga jù mí lọ. Ínfátà tí mo rà lọ́jà, "pure sine wave" ni wọ́n kọ sí i lára. Àbúrò mi gbé e sórí scope, ìpele mẹ́ta ló rí: òkè, òdo, ìsàlẹ̀. Ó ní ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ń pè ní onípele púpọ̀ náà nìyẹn? Kí n lọ gba páténtì?

Kàpásítọ̀ Kékeré
😂😂 Mẹ́ta ju méjì lọ, ẹ ti wọlé.

Fẹ̀yìntì Virginia
Kò wọlé. Nínú nọ́ńbà tí a fi ń pín páténtì sí ìsọ̀rí, H02M 7/483 ni àpótí tí a ń kó wọn sí, ó sì sọ pé ìjáde KỌ̀Ọ̀KAN gbọ́dọ̀ lè ní ju ìpele méjì lọ. H-bridge yẹn ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan, bí kò bá sí lókè, ó wà nísàlẹ̀, kò ní àárín. Mẹ́ta tí àbúrò yín rí, àárín ẹsẹ̀ méjèèjì ló ti wọ̀n ọ́n. 7/5387 ni tiyín.

Kàpásítọ̀ Kékeré
Tí wọ́n bá wá to H-bridge bẹ́ẹ̀ mẹ́ta léra ńkọ́? Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣì ní méjì, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 7.

Fẹ̀yìntì Virginia
7/49 nìyẹn, ibi tí a ń da ìgbì convertà mélòó kan pọ̀. Ẹ sì máa wá àpótí méjèèjì, torí ẹni tó kó wọn sí i náà máa ń ṣiyèméjì.

Jẹnẹrétọ̀ Ò Sùn
Ẹ ṣeun, sà. Fáànù mi ṣáà ń kùn lórí 7/5387.

Ọ̀gá Ìkẹjà
Mo ti ń ka gbogbo yín láti òwúrọ̀. Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Èmi fi ìwé ránṣẹ́ sí Abuja, mo san owó, mo gba sátífíkéètì. Ó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sẹ́ni tó bi mí ní Nabae.

Lọ́yà Abẹ́ Igi
Ọ̀gá, torí wọn kì í bi ẹnikẹ́ni ni. Lábẹ́ òfin wa ti 1970, bóyá ìwé pé ni wọ́n ń wò: fọ́ọ̀mù, àlàyé, claim, owó. Wọn kì í wo bóyá ó jẹ́ tuntun. Òfin náà sì sọ ọ́ ní ìhòòhò pé ewu rẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tó gbà á, pé ìjọba ò fọwọ́ sọ̀yà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ọ̀gá Ìkẹjà
Ogún ọdún ni wọ́n fún mi. Oníbàárà wọlé, ó rí i, ó sanwó. Ìfọwọ́sọ̀yà wo ni mo tún ń wá?

Tinú Newport
Títí ẹnìkan á fi gbé yín lọ Federal High Court kí wọ́n fagi lé e. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti wá bi yín ní Nabae.

Ọ̀gá Ìkẹjà
Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wá lọ́yà tó mọ kàpásítọ̀.

Àdùkẹ́ Fésì Mẹ́ta
Ẹ̀yin lè máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ọ̀gá ò burú tán. Olùyẹ̀wò tó mọ MMC dáadáa ò ní jókòó ní Abuja fún owó oṣù ìjọba.

Lọ́yà Abẹ́ Igi
Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé kí wọ́n máa tẹ òǹtẹ̀ lu ohun gbogbo.

Adéwáyà
Mo ti ń ka gbogbo èsì. Lọ́yà, ohun tí sákíìtì wa ń ṣe tí ti Nabae àti Meynard ò lè ṣe tí a bá kàn so wọ́n pọ̀ ni pé kàpásítọ̀ ti máa ń ṣófo nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná. Tiwa, ètò tí swíìṣì fi ń ṣí ló ń kún un kí ẹrù tó wọlé, kò gba résístọ̀ kankan. Ó wà nínú àlàyé. Agbẹjọ́rò ló ní kí a fi sílẹ̀ kúrò nínú claim kí claim lè fẹ̀.

Fẹ̀yìntì Virginia
Ó fẹ̀ lóòótọ́, ó fẹ̀ dé 1981.

Lọ́yà Abẹ́ Igi
Ẹ gbé ètò yẹn wọ inú claim 1, kí ẹ sì ní kí olùyẹ̀wò bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ẹ tó fèsì. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, oṣù mẹ́ta lẹ ní, ẹ lè fi owó sún un dé mẹ́fà. Ìpele 5 nìkan lẹ yà, àbí? Ẹ má kọ "ìpele N" tẹ́ ẹ bá dé Yúróòpù. Ohun tí kò sí nínú ìwé àkọ́kọ́ ò lè wọlé lẹ́yìn, òfin wọn 123(2) á gbé yín.

Adéwáyà
Mo dúpẹ́ gan-an. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa pè wọ́n.

Kàpásítọ̀ Kékeré
Ọ̀gá Ìkẹjà, ẹ ò tíì sọ ohun tó wà nínú páténtì yín.

Ọ̀gá Ìkẹjà
H-bridge mẹ́ta, bátìrì 24, 72 àti 216. Ìpele 27! Ó ga dé 312, 220 rẹ yóò jáde bí ti NEPA ìgbà ayé Gówọ́n.

Kàpásítọ̀ Kékeré
1:3:9. Ọ̀gá, ó ti pẹ́ tí ìyẹn ti wà nínú ìwé. Bátìrì 24 yẹn náà á máa gba iná padà dípò kó máa fún un nígbà mìíràn, ṣé ẹ ti wò ó?

Ọ̀gá Ìkẹjà
Ó ń gba agbára lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló burú níbẹ̀?

Màmá Bátìrì
Ẹ dúró ná. 24, 72, 216... tí ẹ bá fi oní-12 tò ó, bátìrì 26 nìyẹn fún ínfátà kan ṣoṣo?

Ọ̀gá Ìkẹjà
Bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Màmá Bátìrì
Páténtì dáadáa ni o. Ẹ̀yin lọ́yà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá mi, ẹ wá sí inbox.