Òjìji kọ́ nìyẹn o

Ẹ̀yin ará, mo ti ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ látàná lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ká máa lò fún iṣẹ́ àwòrán yíyà, tẹ́nì kan sì fọwọ́ sọ̀yà pé "òjìji" ti tó fún igi tó ń hàn nínú odò téèyàn bá ń yà á, pé kí la tún ń wá ọ̀rọ̀ tuntun kiri fún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, kò tó rárá.

Ẹ lọ sétí odò Ọ̀ṣun l'Óṣogbo láàárọ̀, ẹ ó rí òjìji igi àti igi tó ń hàn nínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá látìgbà táwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti da omi ọ̀hún rú tó wá pọ́n bí ẹrẹ̀, tí òjìji fi ń hàn dáadáa lórí ẹ̀. Òjìji igi á sùn sórí omi, á kọ̀yìn sóòrùn, bóòrùn bá ṣe ń yí lòun náà ń yí. Èyí tó wà nínú omi ní tiẹ̀ ò bá oòrùn lọ síbì kankan, abẹ́ igi gangan ló wà, á nà wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò ó, tí atẹ́gùn bá fẹ́ díẹ̀ á tún gùn sí i. Kọ́lọ̀ wọn gan-an ò bára mu: igi dúdú, tinú omi máa ń mọ́ jù ú lọ díẹ̀, aṣọ funfun, tinú omi á ṣú jù ú lọ. Ọmọ tẹ́ ẹ bá wá ní kó "kun òjìji", ibo ló fẹ́ kùn ún sí?

"Àwòrán-omi" tẹ́nì kan mú wá, èmi náà fẹ́ràn ẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé kọ́lọ̀ tí wọ́n fomi pò lẹ ń wí. Tèmi ni "adojúdé", torí igi dojú dé sínú omi, bá a ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn. Mo mọ̀ pẹ́nì kan á ní ayé ẹni kì í dojú dé. Igbá náà ń dojú dé, ta ló ṣépè?

Ti "ìjìnlẹ̀" tẹ́ ẹ fẹ́ lò fún bí àwòrán ṣe ń wọnú lọ, tí nǹkan inú ẹ̀ á dà bí èyí tó wà lọ́nà jíjìn, àwòrán ìjìnlẹ̀ á dún bí èyí tó ní àdììtú nínú. "Ibú" náà, omi ló ni ín. Ṣebí a ní "jìn", odò jìn, ọ̀nà jìn, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń gbé méjèèjì, iṣẹ́ ayàwòrán sì nìyẹn: igi ọ̀ọ́kán á ṣú, èyí tó tẹ̀lé e á ṣá díẹ̀, tọ̀hún pátápátá á rí bí aró tí wọ́n bomi là. "Ẹ̀yìn àwòrán yìí ò jìn tó", ta ni ò ní gbọ́ ìyẹn? Mi ò rídìí tó fi gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀-orúkọ dandan.