Àbọ̀ lórí etí tó ń hó lẹ́yìn òde alẹ́: ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yanjú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Mo kọ ọ́ síbí nígbà kan pé bí mo bá lọ wo olórin lójúkojú, etí mi á máa hó ṣoo títí di ọjọ́ kejì, mo sì ní kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ìmọ̀ràn tó ṣiṣẹ́ jù ni pé kí n dúró nítòsí ẹni tó ń darí ohùn lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Àṣé ibẹ̀ gan-an lorin ti dùn jù! Mo gbọ́ gìtá, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu olórin ketekete. Níwájú lẹ́bàá sípíkà tí mo máa ń dù tẹ́lẹ̀, ìlù nìkan ló ń gbá mi láyà.

Fóòmù tí wọ́n ń kì sétí ṣe díẹ̀. Etí ò hó, àmọ́ orin ń dún bí ẹni pé wọ́n da aṣọ bò ó. Èyí tó ní asẹ́ nínú, irú tí àwọn olórin fúnra wọn ń lò, ló dáa: ó kàn ń dín ariwo kù ni.

Fún ẹni tó bá fẹ́ mọ kúlẹ̀kúlẹ̀: ìlànà tí WHO, ìyẹn Àjọ Ìlera Àgbáyé, gbé jáde ní 2022 ni pé kí ariwo níbi òde orin má kọjá dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì (ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo) 100 ní ìpíndọ́gba ìṣẹ́jú 15.

Ó ku òde ìkówójọ fún aláìní, níbi tí wọ́n ti ń yan àga fúnni. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ẹ̀gbẹ́ sípíkà náà ni wọ́n tún fi mí sí.

Ẹ ṣé o.