Àbámọdá nílé yín: kí lẹ fi ń ṣe, kí lojú yín sì rí?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ jẹ́ kí èmi bẹ̀rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, ikọ́ kì í jẹ́ káwọn ìbejì mi sùn. Ìyá ọkọ mi kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n á já ewé àbámọdá lẹ́yìn ilé, wọ́n á yá a níná títí yóò fi rọ, wọ́n á fún omi rẹ̀ sínú ife, wọ́n á bu iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ṣíbí kékeré kan lálẹ́, ọ̀fun wọn á dẹ̀, oorun á wá. (Wọ́n ti ń lọ iléèwé nígbà yẹn o, wọn kì í ṣe ọmọ ọwọ́.) Mi ò sọ pé ó pa ikọ́; ikọ́ ọyẹ́ kúkú máa ń lọ fúnra rẹ̀.

Ìwọ́ àbúrò wọn ló dá ìjà sílẹ̀. Màmá fẹ́ fi omi àbámọdá pẹ̀lú òrí sí i kó lè tètè já, bẹ́ẹ̀ nọ́ọ̀sì ti fún mi ní jẹ́ẹ̀lì kan. Ta ló jàre?

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Òṣogbo
Ẹ kú ewu ọmọ. Jẹ́ẹ̀lì yẹn, chlorhexidine, oògùn apakòkòrò, ìdá 7.1 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Òun nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Mi ò kórìíra ewé, àmọ́ ojú egbò ni ìwọ́ tuntun. Erùpẹ̀ ara ewé tàbí ọwọ́ tó fún un lè gbé tẹ́tánọ́ọ̀sì wọlé. Mo ti gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rí: ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ le, kò lè mu ọmú mọ́, béèyàn bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ara á gan. Kí Màmá máa fi àbámọdá ra ẹsẹ̀ tó ń ro wọ́n.

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Abẹ́òkúta
Ẹ ṣeun mà. Tèmi kì í ṣe àìsàn. Ẹ fi ahọ́n kan ewé náà ní kùtùkùtù, ẹ ó rí i pé ó kan. Ẹ tún tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, kíkan yẹn ti lọ. Òru ló máa ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sára, á sọ ọ́ di ásíìdì, á tọ́jú rẹ̀ di ojúmọmọ, kó tó fi í ṣe oúnjẹ. Lọ́sàn-án, ó ti pa gbogbo ojú ihò ara rẹ̀ dé kí oòrùn má bàa fa omi rẹ̀ gbẹ. Benjamin Heyne, onímọ̀ ewéko kan, ti kọ̀wé lọ́dún 1813 nípa kíkan yìí tó kíyè sí ní Íńdíà. Màmá mi àgbà, ìdájí ni wọ́n máa ń rán wa lọ já a. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa rí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Salvador, Brazil
Folha-da-fortuna ni wọ́n ń pè é lọ́jà níbí, ṣùgbọ́n nílé Candomblé, ẹ̀sìn òrìṣà ti ibí, àbámọdá náà ni. Orí mi wú lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ.

Bàbá Alájá, Ìlọrin
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo oògùn ọkàn, ẹ gbọ́ o. Digoxin ni tèmi. Àbúrò mi gbé àgbo àbámọdá wá, ó ní ó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní kí n má fẹnu kàn án: ohun kan wà nínú ewé náà, bufadienolide, tó ń ṣiṣẹ́ lára ọkàn bíi ti oògùn mi gan-an, méjèèjì pa pọ̀ sì lè da ìlùkìkì ọkàn rú. Ó ní màlúù tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ ní Ọsirélíà máa ń kú.

Ìyá Ṣadé, Zürich
Ẹ̀rín pa mí níbí yìí. Nígbà tí inú ń há mọ́ mi ṣáájú àkókò, hóró oògùn tí wọ́n fi àbámọdá ṣe wà lára ohun tí agbẹ̀bí òyìnbó fún mi! Wọ́n ń lò ó gan-an ní Switzerland. Oṣù mi pé kí n tó bí. Mi ò mọ èyí tó ṣiṣẹ́ nínú gbogbo oògùn wọn. Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, òtútù pa èyí tí mo gbìn. Kí ni kí n ṣe?

Tíṣà Báyọ́lọ́jì, Abẹ́òkúta
Inú ilé ni kẹ́ ẹ gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ fi ewé kan ṣoṣo lélẹ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀, etí rẹ̀ ni ọmọ ti máa hù. Ẹ má bomi rin ín lójoojúmọ́ o, á rà.